Ẹni Tó Mọ Ọ̀nà Àká

N kò ní fi irọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Akofojulè, kò sí ẹni tó lè kọ ebè bí èmi. Ẹ lọ bèèrè. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ràn mi pàápàá. Wọ́n á kọ́kọ́ fajú ro, lẹ́yìn náà wọ́n á ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kó yéé fọ́nnu. Ebè mi dé orúnkún ọkùnrin tó ga. Orí rẹ̀ rí roboto bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Poro àárín wọn tọ́ débi pé ewúrẹ́ lè sáré gba ibẹ̀ kọjá láìfi ìhà kan ebè kankan. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ní kí n fa ìlà, mo fà á, ó wọ́, ó nà mí. Bàbá mi ní kí n kọ ebè, mo kọ ọ́, ó tọ́, ó fún mi lẹ́ran jẹ. Ta ló wá mọ ìlà fà nínú èmi àti olùkọ́ yẹn?

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè tẹ̀ lé mi lẹ́yìn lóko kí ó má dákú. Aláàáró mi ni. Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe àgbẹ̀: àáró ni pé kí n wá bá ọ kọ ebè lóko rẹ lónìí, kí ìwọ náà wá bá mi kọ tèmi lọ́la. Kò sówó níbẹ̀, kò síwèé. Ẹni tí o bá pè ló ń wá. Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n wa.

Kúkurú ni ọ̀rẹ́ mi yìí, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, imú ló ń gbé e gbà. Èmi á ti kọ ebè mi dé òpin oko, màá padà, màá bá a ní ìdajì.

“Ìgbín,” ni màá wí, “ṣé o ń bọ̀, àbí kí n lọ pe fadá wá fún ọ?”

Kò ní gbójú sókè. “Ẹni tó ń sáré lórí oko ẹlòmíràn,” ni yóò wí, “àgbẹ̀ ni àbí olè?”

Inú mi máa ń dùn bó bá bú mi báyìí. Ẹni tí kò ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ló ń gbọ́ láyé, kò sì ní mọ ìgbà tó bá ṣì rìn.

Ìyá rẹ̀ ló ni irú láboko kan tí ẹnikẹ́ni kò ní lágbègbè wa. Láboko ni iṣu àkọ́kọ́ tó ń jáde lọ́dún, iṣu tí àwọn ará Kùtọnu máa ń gbé ọkọ̀ wá rà. Ti ìyá yìí funfun bí òwú, bí wọ́n bá gún un, kò ní kókó kan. Nígbà tí ìyá náà kú, ọ̀rẹ́ mi kó èbù rẹ̀ jọ sílẹ̀, ó pín in sí méjì lójú mi, ó ti apá kan sọ́dọ̀ mi.

“Ìyá ló ní kí n fún ọ.”

“Nígbà wo ni ìyá sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo ní ìyá ló sọ ọ́. Gbé e.”

Ìyá kò sọ nǹkan kan. Mo mọ̀, òun náà mọ̀. Mo gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àká báyìí, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Níbi tiwa lórí òkè yìí, a kì í fi àká iṣu han ènìyàn. Olè wà, ewúrẹ́ wà, ojú tí kò dára wà. Ẹni tó bá gbọ́n á wá ibi tí àpáta ti fara kan àpáta, ibi tí oòrùn kì í gbóná jù, á so iṣu rẹ̀ mọ́ ọ̀pá níbẹ̀, á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, á sì pa ẹnu mọ́. Ti ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn òkè. O máa fẹ̀gbẹ́ wọlé láàárín òkúta ńlá méjì, o máa sọ̀kalẹ̀ gba ojú odò gbígbẹ kan, kí o tó rí i lábẹ́ igi igbá. Èmi ni mo bá a gbé òpó rẹ̀ nàró. Àwa mẹ́ta la mọ ibẹ̀: òun, ìyàwó rẹ̀, èmi.

Ọdún ìdìbò yẹn dé. Ẹ kò ní gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n dìbò fún lẹ́nu mi. Àwọn olóṣèlú náà kò mọ̀ wá, wọn kò mọ orúkọ òkè wa. Ṣùgbọ́n abúlé wa pín sí méjì. Àwọn ará etí títì wà fún ẹnì kan, àwọn ará ẹsẹ̀ òkè wà fún ẹnì kejì. Ilé tèmi wà létí títì, ti ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́sẹ̀ òkè. Kò sẹ́ni tó bi wá pé kí la rò. Ibi tí òrùlé rẹ bá wà, ibẹ̀ ni wọ́n kà ọ́ mọ́. Àwọn ènìyàn tó ń jùmọ̀ gba ara Olúwa lọ́jọ́ Ìsinmi bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta lu ara wọn lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ká páànù orí ilé àna ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fọ́ ojú ọkùnrin kan. Àwọn mìíràn sá lọ sí Nàìjíríà, a kò tíì rí wọn títí di òní.

Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin etí títì jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta sódàbì, ọtí líle tiwa. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ń bínú nítorí páànù tí wọ́n ká. Ọ̀kan ní kí àwọn lọ kó iṣu àwọn ará ẹsẹ̀ òkè. Èkejì ní wọ́n ti fi pa mọ́, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n kó o sí. Ó wá tọ́ka sí mi.

“Bàbá yìí náà tó ní òun mọ igbó bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ bi í, kò mọ ọ̀kan.”

“Èmi kẹ̀?” mo ní. “Èmi! Kò sí àká kan lórí òkè yìí tí n kò mọ̀.”

“Irọ́ ni, bàbá. Ebè nìkan lẹ mọ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo dìde. Mo ní, “Ẹ tẹ̀ lé mi.”

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò nà mí. Ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí fún mi. Mo rìn níwájú wọn bí ẹni tó ń gbé àgbélébùú lọ síwájú ìjọ, mo fẹ̀gbẹ́ gba àárín òkúta méjèèjì kọjá, mo ní, “Ṣé ẹ rí i báyìí?” Ọkàn mi sọ pé wọ́n á mú mélòó kan, wọ́n á sun ún jẹ, wọ́n á lọ. Wọ́n ṣáná. Imọ̀ ọ̀pẹ tó ti gbẹ ní oṣù méjì, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń jó. Iṣu jíjẹ àti èbù tó ń retí òjò, gbogbo láboko ìyá, iná kó o pọ̀. Òórùn iṣu sísun gba gbogbo àfonífojì. N kò ní parọ́ fún yín pé n kò jẹ iṣu sísun mọ́ láti ọjọ́ yẹn; mo ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo gba ọ̀nà mìíràn sálé, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé orí ń fọ́ mi.

Ọ̀rẹ́ mi kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Kèrè, sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo gbé adìẹ kan, mo lọ kí i. Bí mo ṣe rí i, mo bú sẹ́kún. Ẹkún tòótọ́ ni. Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún!

“Dákẹ́,” ó ní. “Wọn kò pa ènìyàn. Iṣu ni.”

Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀. “Àárín òkúta ni wọ́n gbà wọlé,” ó ní. “Mo rí ẹsẹ̀ wọn.”

Mo ní háà. Háà nìkan ni mo ní. Mo fi adìẹ sílẹ̀, mo padà sílé.

Ọdún ń gorí ọdún. A ṣì ń kí ara wa. Bí ìrìn-àjò mímọ́ àwọn Kátólíìkì sí Arìgbó bá dé nínú oṣù kẹjọ, tí àwọn èrò kún ìlú, a máa ń rí ara wa níbi ihò àpáta Màríà, a ó jọ jókòó, a ó jọ mu omi. Ṣùgbọ́n àáró ti tán láàárín wa. Kèrè jìnnà sí oko mi, ohun tí a ń sọ nìyẹn. Mo gba àwọn mìíràn láti bá mi kọ ebè. Ẹ̀ṣẹ̀ lebè wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán, mo tún ń tún un kọ.

Nígbà tó yá, àwọn onílàjà wá láti ìlú ńlá. Wọ́n kó àga, wọ́n ta àgọ́, wọ́n gbé míkírò tó ń gbóhùn sókè wá. Wọ́n ní kí abúlé tó ti jà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n lè parí rẹ̀, kí àwọn tó sá lè padà. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò jẹ́ pirẹsidá, ìyẹn alága, kọmitẹ́ àlàáfíà. Ẹni tí ohùn rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn, tó mọ gbogbo ènìyàn, tó ní ọ̀rẹ́ nísàlẹ̀ àti lókè. Ta ni ẹ rò pé wọ́n mú? Wọ́n fún mi ní fìlà kásikẹ́ti funfun kan tí àwòrán ọwọ́ méjì tó ń bọ ara wọn wà níwájú rẹ̀. Mo dé e lọ sí Mísà, mo dé e lọ sóko. Ìyàwó mi ní kí n máa dé e wẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, lábẹ́ igi máńgòrò ńlá, mo sọ̀rọ̀ títí míkírò fi gbóná. Lẹ́yìn mi, àwọn ènìyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni yìí ní wọ́n ká páànù òun. Ẹni yẹn ní wọ́n lu ọmọ òun. Ẹlòmíràn ní òótọ́ ni, òun rí i, wọ́n lù ú. Wọ́n, wọ́n, wọ́n. Bí ẹ bá kó gbogbo “wọ́n” ọjọ́ yẹn jọ, á kún ìlú kan, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ìlú náà kan tó jókòó lábẹ́ igi.

Ọ̀rẹ́ mi wá láti Kèrè lọ́jọ́ náà. Ìkẹyìn ló dìde. Kò gba míkírò.

“Mo fẹ́ padà wálé,” ó ní. “Àgbà ti ń dé. Ilẹ̀ àna kì í ṣe ilẹ̀ bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi oko mi sílẹ̀ fún òun bí n kò bá ní padà, mo sì ti ní kí ó dúró kí ìpàdé yìí parí. N kò bèèrè ẹni tó ṣáná. Inú ló ń bí wọn, iná sì wà nílé gbogbo ènìyàn. Ẹni tó fọ̀nà hàn wọ́n ni mo ń bèèrè. Kó dìde kí n rí i. Bó bá dìde, màá padà. Bí kò bá dìde, ẹ̀gbọ́n mi á gba oko, Kèrè ni wọ́n máa sin mí sí. N kò lè máa sùn níbi tí n kò ti mọ ẹni tó mọ ilé mi.”

Ó jókòó. Ọ̀gá àwọn onílàjà, obìnrin kan tó wọ gíláàsì, yíjú sí mi.

“Pirẹsidá, ẹ bá wa bi wọ́n.”

Mo dìde. Mo gba míkírò. Mo fi ohùn tí wọ́n ń gbọ́ dé títì bèèrè, “Ta ni? Ta ló fọ̀nà hàn wọ́n? Kí ó dìde!”

Kò sẹ́ni tó dìde. Ẹni tó yẹ kó dìde ti wà ní ìdúró, ó di míkírò mú, fìlà funfun wà lórí rẹ̀.

Mo rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìgbà yẹn láàárín èrò. Wọ́n ti di bàbá ọmọ. Ọ̀kan nínú wọn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò ní Ìdáàṣà wo fìlà mi, ó wo bàtà mi, ó wá wo òkè igi. Òun náà kò lè sọ̀rọ̀ kí ó má sọ tirẹ̀. Ìpàdé tú ká, àwọn onílàjà ní àwọn á pe èkejì. Ọ̀rẹ́ mi gbọ̀n sòkòtò rẹ̀, ó lọ.

Nílé, ìyàwó mi gbé iyán síwájú mi. “Ọ̀rọ̀ yín dùn lónìí,” ó ní. Ó gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Ó dùn jù.” N kò mọ ohun tó mọ̀, n kò sì bi í. Iyán tutù síbẹ̀.

Èmi wá rò ó bí àgbẹ̀ ṣe ń ro nǹkan. Mo ní ẹnu mi ló bà á jẹ́, ọwọ́ mi ni kó tún un ṣe. Oko ọ̀rẹ́ mi ní Kèrè kò tíì ní ebè, bẹ́ẹ̀ ni òjò ti ń lọ, ilẹ̀ ò ní pẹ́ le. Ẹ̀yìn ló ń dun ọ̀rẹ́ mi, kò lè tètè kọ ọ́ tán. Mo gun ọ̀kadà lóru, mo gbé ọkọ́ mi dání, mo kọ ebè lóko rẹ̀ kí oòrùn tó yọ, mo sì sá padà kí wọ́n tó jí dé oko. Mo ṣe é ní ọjọ́ kìíní. Mo ṣe é ní ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ kọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kí wọ́n má baà mọ ọwọ́ mi. Mo gbìyànjú, Ọlọ́run rí mi. Mo kọ mẹ́ta wọ́kọwọ̀kọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn wò wọ́n, inú bí mi bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. Mo padà, mo tú u ká, mo sì tún un kọ.

Ní ọjọ́ kẹta mo bá ìyàwó ọ̀rẹ́ mi tó jókòó létí oko, ó gbé àwo gàrí àti wàrà wàgàṣì lé orí ìtì igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi.”

Mo na ẹ̀yìn. “Ta ló sọ fún ọ pé èmi ni?”

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ìdí igi mú. “Ta ló tún ń kọ ebè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀? Àwọn ará Kèrè wá wò ó lánàá. Wọ́n ní ṣé áńgẹ́lì ni. Mo ní rárá o, áńgẹ́lì kì í gbéraga báyìí. Ẹ wá jẹun, ọkọ mi. Bàbá ilé ń bọ̀.”

Mo ti fẹ́ jókòó nígbà tí ọ̀rẹ́ mi yọ láàárín igi káṣú, ó ń fi ọkọ́ rẹ̀ ṣe ọ̀pá. Ó wo ebè mi lọ, ó wò ó bọ̀.

“Aláàáró,” ó ní, “n kò pè ọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Àáró, pípè ni. Ẹni tí a kò pè tó wá kọ ebè, ó ní ohun tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò lọ́nà láti Akofojulè fò lọ. Mo ní, “Èmi ni.”

“Ìwọ ni kí ni?”

“Èmi ni mo mú wọn gba àárín òkúta.”

Ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́. Ó dìde, ó gbé àwo gàrí náà, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ. Wọ́n ti nà mí rí láyé mi; n kò jẹ ẹgba kan tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí ebè. Àgbẹ̀ kì í jókòó sórí ebè. Ebè náà wó lábẹ́ rẹ̀, kò mọ̀.

“Wọ́n nà ọ́ ni?”

“Rárá.”

“Wọ́n fún ọ ní nǹkan?”

“Rárá.”

“Kí ló wá dé?”

“Wọ́n ní n kò mọ ibẹ̀.”

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Nítorí ìyẹn?”

“Nítorí ìyẹn.”

Ohùn kan jáde nímú rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ohun mìíràn. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú poro, àyà mi kan ilẹ̀ tútù. Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní kí n dìde, kí n má fi ikùn ba poro jẹ́.

“Kì í ṣe ibí ni mo ti bèèrè,” ó ní. “Lábẹ́ igi ni mo ti bèèrè, níwájú ènìyàn. Ìwọ pẹ̀lú bá mi bèèrè. Lọ dá mi lóhùn níbẹ̀.”

“Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín.”

“Wọ́n á fi ọ́ ṣẹ̀sín,” ó ní.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Mo ti fi ọwọ́ mi fa ejò láti inú ihò rí. Mo ti bá ẹfọ̀n wo ojú ara wa rí, mo sì ṣẹ́gun, bí ẹ gbà á bí ẹ kò gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí mo fi dúró de ìpàdé kejì, n kò lè rìn kọjá lábẹ́ igi yẹn. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, kí ó má baà gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ayé. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, “Ẹ̀yin gan-an,” lẹ́yìn náà ó fọ aṣọ funfun mi, ó lọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi ni, lẹ́yìn Mísà. Mo bọ́ fìlà, mo gbé e sórí tábìlì. Mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi bèèrè ẹni tó fọ̀nà hàn wọ́n. Èmi ni. Wọ́n ní n kò mọ ibẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ mi tán.”

Ìyá àgbàlagbà kan láti ẹsẹ̀ òkè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ wá gbọ́ o! Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kúkurú!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ fọ́ tutọ́ sílẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀. Títí di òní a kì í kí ara wa, n kò sì dá a lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi bo ojú. Mo dúró síbẹ̀, n kò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí. Ìgbà náà ni ọlọ́kadà yẹn dìde.

“Èmi ni mo ṣáná,” ó ní. “Ìṣáná tèmi ni.”

Ẹnì kejì dìde. Nígbà tó pẹ́, ẹnì kẹta. Àwọn méjì ṣì jókòó tí mo mọ̀ dáadáa. N kò ní sọ wọ́n, ẹnu tiwọn ni yóò sọ wọ́n. Àwọn onílàjà ti gbé kámẹ́rà, wọ́n ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi dì mọ́ ara wa. Ó ní rárá.

“Ó ti dìde, mo ti rí i,” ó ní. “Ẹ jẹ́ ká sinmi ná.”

Wọ́n gba pirẹsidá lọ́wọ́ mi, wọ́n fún opó kan tó ń gbẹ̀bí. Orí rẹ̀ kéré, fìlà náà bò ó lójú. Kò yẹ ẹ́ bó ṣe yẹ mí.

Ọ̀rẹ́ mi padà wálé nígbà ọyẹ́. Àwa mẹ́rin la bá a bo ilé rẹ̀, èmi àti àwọn mẹ́ta yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ń kí mi, ṣùgbọ́n kì í pè mí ní ọkọ mi mọ́. Ó ń kí mi bí wọ́n ti ń kí àlejò. Mo fara mọ́ ọn. Ohun tó bá gba iṣẹ́ púpọ̀, mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Nígbà tí a bo ilé tán, mo ṣa èbù láboko ìyá rẹ̀ nínú tèmi, èyí tí ó pín fún mi nígbà kan. Mo ṣa èyí tó dára jù. Mo dì í sínú àpò mẹ́rin, mo gbé e wá bá a ní ẹsẹ̀ òkè. Ó tú àpò kan, ó mú èbù kan jáde, ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, ó gbé e sí imú.

“Òun ni,” ó ní.

Mo gbé àpò kan lé orí. “Ó yá, ibo là ń gbé e lọ?”

“Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Mo ti ṣe àká tuntun,” ó ní. “Dúró síbí.”

Mo lóye. Ẹ̀yìn ń dùn ún, àpò wúwo, mo sì lágbára jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, ẹ kò ní gbà á lẹ́nu mi ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Òun nìkan ló gbé àpò kìíní gun òkè. Mo jókòó sórí òkúta, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo kọjú sí títì. Ṣùgbọ́n etí mi, ẹ̀yin ará, etí ọdẹ ni. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpáta. Mo ń gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yí wálẹ̀. Díẹ̀ sí i, màá mọ̀ bóyá ọ̀tún ló yà tàbí òsì. Ni mo bá la ẹnu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Màríà tí a máa ń kọ lọ sí Arìgbó, mo kọ ọ́ tagbáratagbára, ajá abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbé àpò kejì, ó lọ. Mo ń kọrin. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó lọ. Ohùn mi ti há. Nígbà tó padà wá mú àpò ìkẹyìn, ó dúró níwájú mi, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

“Kí lo ń pariwo sí?”

“Kí n má baà gbọ́ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ń yà sí.”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àpò náà lé èjìká.

“O ń ba orin náà jẹ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ó ku ẹrù kan. Kọ ọ́ sókè sí i.”

Mo sì kọ ọ́ sókè.